Èpò Tí Oògùn Kò Ràn Lóko Altamiro

Ní Capão Seco, abúlé wa, ọkùnrin lè jẹ́ ọ̀mùtí, ó sì lè má yọjú sí Máàsì láti Àjíǹde dé Kérésìmesì, wọn yóò ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ẹni tí èpò bá bo oko rẹ̀ ni kò sí àforíjì fún. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ a dá ẹṣin dúró lójú ọ̀nà, wọn a na ọrùn wo oko náà, kí wọ́n sì tó délé, ìròyìn ti ṣíwájú wọn. Ìdí nìyí tí Juvêncio fi jẹ́ èèyàn pàtàkì láàárín wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ilẹ̀ tó ju ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ. Òun ló ń bá gbogbo ayé fín oògùn apakoríko, ibi tó bá sì fín, ilẹ̀ ibẹ̀ a mọ́ bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn oògùn. Ọkọ́ ló kórìíra. Bàbá rẹ̀ fi ọkọ́ ro ìdí kọfí fún àwọn olóko ńlá títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, nígbà tí ọkùnrin náà sì kú, wọn kò rí i tẹ́ gbọọrọ nínú pósí. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Juvêncio ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lọ́jọ́ náà. Ó wo pósí, ó wo ọkọ́ tó fara ti ògiri, ó sì mọ èyí tí òun kò ní fọwọ́ kàn mọ́ láyé. Nígbà tí pọ́ńpù àgbékọ́yìn dé agbègbè wa, tí àwọn yòókù ń sá fún òórùn rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn.

Ó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà. Kùtùkùtù ló máa ń fín, nígbà tí ewé kankan kò tíì mì. Bó bá jẹ́ ìdí igi kéékèèké ló ti fẹ́ ṣiṣẹ́, a ki ike kan tí wọ́n gé bíi fìlà bọ ẹnu pọ́ńpù, kí oògùn má baà ta sí ewé igi. Fìlà náà ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé oògùn kò mọ igi yàtọ̀ sí èpò, pé fìlà ló mọ̀ ọ́n. A sì máa ń bá a rẹ́rìn-ín kí ojú má baà tì í, torí òun nìkan ni àwàdà rẹ̀ máa ń pa lẹ́rìn-ín.

Altamiro ni compadre rẹ̀: Juvêncio ló gbé àbígbẹ̀yìn Altamiro lọ́wọ́ nígbà ìrìbọmi. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣe kékeré, wọ́n ti jọ jí ọsàn ká, wọ́n sì ti jọ jẹ ẹgba lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àlùfáà ti da omi sórí ọmọ yẹn ni wọ́n ti ń pọ́n ara wọn lé nínú ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa. Compadre kì í bi compadre rẹ̀ ní ìbéèrè tó lè dójú tì í. Bó bá tilẹ̀ fura sí i, yóò gbé ìfura náà mì. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé compadre méjì tó bá bá ara wọn jà, iná ni wọn yóò dà lẹ́yìn ikú, tí wọn yóò máa lé ara wọn kiri pápá. Mi ò tíì rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ mi ò tíì rí compadre méjì tó jà náà.

Ọdún tí orúnkún Altamiro kọ iṣẹ́, ó ta àwọn màlúù rẹ̀, ó sì gbin yukalípítù sí gbogbo ilẹ̀ òkè tó kọjú sí ọ̀nà. Ọgbọ́n àgbà ni. Igi yẹn ni wọ́n ń sun ní èédú, òun ni wọ́n ń gé ní òpó. Bó bá ti yọrí tán, kò tún ń wá ìtọ́jú, ó ti di ọ̀pá ìtilẹ̀ fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

"Igi ni yóò máa bá mi rìn," ni Altamiro ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi gíga yukalípítù tàn ara rẹ̀ jẹ. Nígbà tó bá ṣì kéré, ojo ni. Èpò kan tó bá dúró tì í, ó ti bá a mu omi rẹ̀ tán; ewé rẹ̀ á pọ́n, igi á dúró sójú kan bí ọmọ tí wọ́n já oúnjẹ gbà mọ́ lọ́wọ́. Èyí tó bá pàdánù òjò ọdún àkọ́kọ́ kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ láé. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni Altamiro ń wá: kí ìdí igi rẹ̀ mọ́ títí òjò ọdún náà yóò fi dá. Ta ni ì bá sì fi í lé lọ́wọ́ bí kò ṣe compadre rẹ̀?

Juvêncio fín oko náà ní oṣù Kejìlá. Gbogbo koríko kú, ó gbẹ, ó pọ́n lórí òkè. Buva nìkan ló kù. Buva ni èpò gíga tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú, tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti àwọn oko sóyà ti òdìkejì odò. Ó tẹrí ba fún bí ọ̀sẹ̀ kan, inú Juvêncio sì dùn. Lẹ́yìn náà ló rí i tó yọ ọ̀mùnú tuntun lábẹ́ ọrùn tó rọ, ẹ̀ka mẹ́ta níbi tí ọ̀kan ti wà tẹ́lẹ̀. Ó tún un fín. Buva tún tẹrí ba bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tún dìde. Àwọn igi kéékèèké tó wà láàárín rẹ̀ ti ń pọ́n létí ewé.

Ẹ mọ̀ pé oko tó kọjú sọ́nà kò ní àṣírí. Lọ́jọ́ Sátidé, bí Juvêncio ṣe fẹsẹ̀ kan wọ ilé ọtí Nestor báyìí, Nestor ti kígbe.

"Ẹ dìde fún àlùfáà! Juvêncio Omi Mímọ́ ló dé yìí! Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ti ṣèrìbọmi fún gbogbo buva òkè Altamiro. Orúkọ wo lẹ sọ wọ́n?"

"Nestor, fi mí sílẹ̀."

"Ṣé mo mú yín ni? Mo ní kí ẹ bu díẹ̀ wọ́n èmi náà lórí ni o, bóyá irun tó re níwájú yìí á tún hù. Ohun tí omi yín bá ti kàn kì í kú mọ́!"

Ilé ọtí hó fún ẹ̀rín. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Kì í ṣe omi yẹn ló ń yà mí lẹ́nu. Oògùn tó yẹ kó wà nínú omi yẹn ni mò ń wá. Oko ta ló wà báyìí?"

Ẹ̀rín yẹn kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ìyẹn ló sì fi burú. Ó ti di ohun tí wọ́n ń sọ pé Juvêncio ń ta ìdajì oògùn compadre rẹ̀, tó ń fi omi rọ́pò rẹ̀. Dalva, ìyàwó Altamiro, tó wá ra iyọ̀, gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin yẹn kì í gbà fún ẹnikẹ́ni.

"Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta," ló wí fún Nestor. "Ìwọ tí omi pọ̀ nínú ọtí cachaça rẹ débi pé ẹja lè gbé inú ẹ̀, ìwọ lo ń wá ẹni tó ń lú nǹkan lómi? Gbé iyọ̀ mi fún mi jàre."

Ó gba iyọ̀, ó jáde. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá lára Juvêncio, kò gbójú sókè wò ó. Juvêncio yí padà jáde láì mu ọtí kankan. Ọ̀rọ̀ Nestor kò tó nǹkan. Ojú tí Dalva kò gbé sókè yẹn ló gún un lọ́kàn.

Lọ́jọ́ tó tún fẹ́ fín ìsàlẹ̀ oko, tó ń po oògùn létí odò, ó gbọ́ ọ̀pá tó ń kan òkúta. Altamiro ló ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, tó ń fajú ro ní gbogbo ìṣísẹ̀.

"Compadre, ṣé ẹ jíire?"

"A dúpẹ́, compadre. Orúnkún ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní kí n wá gba atẹ́gùn."

Atẹ́gùn kún iwájú ilé Altamiro títí; kò sẹ́ni tó ní irú orúnkún yẹn tó máa torí ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sétí odò. Juvêncio mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì oògùn sókè, ó ń dà á sínú pọ́ńpù. Ojú Altamiro kò kúrò lára kẹ́ẹ̀gì náà.

"Òórùn ẹ̀ le," ni Altamiro wí.

"Ó le, compadre."

"Ó yẹ kó lágbára."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

Juvêncio dé kẹ́ẹ̀gì náà. Nígbà tó yá, Altamiro ní oòrùn ti ń mú, ó sì padà sókè pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Juvêncio dúró ti pọ́ńpù rẹ̀. Ó ti ń fín oògùn láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dú, kò sí ẹni tó wá dúró wo ọwọ́ rẹ̀ rí. Ì bá ṣe ẹlòmíràn, ì bá da oògùn náà sílẹ̀, ì bá ní kí onítọ̀hún wá máa fín oko rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n compadre kò fẹ̀sùn kàn án. Compadre wá gba atẹ́gùn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ivone gun ọ̀kadà rẹ̀ wá. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi ni, òun ló sì máa ń wá wo bí igi ṣe ń dàgbà lóko àwọn tó rà á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ buva kan, ó yẹ ọ̀mùnú rẹ̀ wò, ó sì mi orí.

"Bàbá Juvêncio, ẹ má wulẹ̀ fín in mọ́. Irú èyí kò gbọ́ oògùn yìí mọ́."

"Báwo ni kò ṣe ní gbọ́? Èpò létí ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fín oògùn kan náà sí àwọn oko sóyà òkè odò ọ̀hún. Èyí tó lè kú ti kú tán. Ìwọ̀nba tí kò kú ló ń so irúgbìn, ọmọ wọn náà kò sì ní kú. Àwa la fọwọ́ ara wa bá wọn pa àwọn tó ń bá wọn du ilẹ̀."

Ara Juvêncio fúyẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti bàjẹ́.

"Bí mo bá pò ó ní ìlọ́po méjì ńkọ́?"

"Igi lẹ máa pa. Buva á máa wò yín. Èyí tó ṣì kéré, kí ẹ fọwọ́ fà á tu. Èyí tó ti le, kí ẹ fi ọkọ́ ro ìdí igi yípo. Òjò ṣì kù, igi yìí ṣì lè là á já."

"Ọkọ́," ni Juvêncio tún un sọ. Ó pè é bí ẹni tó ń pe orúkọ òkú.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n gòkè lọ ṣàlàyé fún Bàbá Altamiro."

"Rárá o! Má dán an wò." Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ọmọ mi, compadre mi ò tíì bi mí ní nǹkan kan. Bó o bá lọ bá a, ṣe ni yóò dà bíi pé mo rán ẹ. Ẹni tí wọn ò pè lẹ́jọ́, kí ló ń rojọ́ sí?"

"Ẹ̀yin ẹ fẹnu ara yín sọ fún un nígbà náà."

"Kí n sọ kí ni? Pé mi ò jalè? Ta ló ní mo jalè?"

Ivone tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀kadà rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi dáhùn. "Buva ò mọ gbogbo ìyẹn, Bàbá. Ó ń dàgbà ní tiẹ̀ ni," ló wí, ó sì lọ.

Ká ní Juvêncio lọ bá compadre rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni, mi ò bá tí ní ìtàn kankan láti sọ, inú mi ì bá sì dùn sí i. Kò lọ. Ohun tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ ni bí òtítọ́ yóò ṣe hàn láì jẹ́ pé òun tàbí Altamiro la ẹnu. Ó rò ó títí, ó sì rí ọ̀nà kan tó dà bí ọgbọ́n lójú rẹ̀. Oògùn náà ni yóò jẹ́rìí fún un.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí Máàsì ṣe tú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tuntun tí wọn kò tíì já ìdérí rẹ̀.

"Nestor, ìwọ tó o ní omi ni mò ń fín, máa bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a rẹ́rìn-ín, ẹ máa bọ̀. Gbogbo yín, ẹ wá fojú ara yín rí i."

Wọ́n tẹ̀ lé e tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó ń lọ wo eré. Nígbà tí wọ́n fi dé òkè, oòrùn ti ga, afẹ́fẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìhà odò fẹ́ bọ̀. Altamiro jáde síwájú ilé, Dalva dúró lẹ́yìn rẹ̀. Juvêncio já ìdérí kẹ́ẹ̀gì níṣojú wọn. Ó gbé e sí Nestor nímú, Nestor sì húkọ́. Ó wọn oògùn, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó dà á sínú pọ́ńpù. Lẹ́yìn náà ló yọ fìlà kúrò lẹ́nu pọ́ńpù, ó sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé fìlà ni kò jẹ́ kó dé ara èpò.

"Compadre," ni Altamiro pè. "Kò pọn dandan."

"Ó pọn dandan, compadre."

Altamiro kò pè é lẹ́ẹ̀kejì. Òun náà fẹ́ mọ̀, Ọlọ́run á dárí jì í. Juvêncio sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín, láti òkè wá sísàlẹ̀, láti ìlà dé ìlà. Afẹ́fẹ́ ń gbé oògùn náà bí ìkùukùu, ó ń tẹ́ ẹ sórí buva àti igi bákan náà. Ọwọ́ tó mọ afẹ́fẹ́ ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ ní Capão Seco ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó mọ̀. Bó ṣe ń fín in ló mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wò ó, orúkọ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń rí níbi tí igi wà. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbogbo wa. Ẹni tó kọ́ wa kò sọ bí igi tí a ó fi rà á ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.

Kó tó pẹ́, ọ̀mùnú àwọn yukalípítù náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ewé tuntun tó yọ rí tínrín, ó wé mọ́ra bí ìka aláìsàn, lẹ́yìn náà ni orí wọn gbẹ, gbígbẹ náà sì ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí oṣù fi parí, òkè Altamiro ti kún fún ọ̀pá gbígbẹ. Láàárín wọn ni buva dúró sí, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ga tó àyà èèyàn, ó sì ti ń tanná.

Nestor fúnra rẹ̀ gbé ìgò cachaça kan lọ sílé Juvêncio, èyí tí kò bu omi sí. Ó ṣí fìlà lórí.

"Mo gbà, Juvêncio. Oògùn gidi ni."

"Oògùn gidi ni," ni Juvêncio dáhùn. Kò gba ìgò náà.

Orúkọ rẹ̀ ti mọ́. Kò sí ẹni tó tún pè é ní Omi Mímọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó lè wo ojú rẹ̀ pẹ́. Òun náà kò lè kọjá lójú ọ̀nà òkè. Ó ṣe díẹ̀ kó tó ní ìgboyà láti rìn yí oko náà ká, ó sì rí i pé ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti ṣe kòtò, tí afẹ́fẹ́ kò gbé oògùn dé, ìlà igi díẹ̀ ṣì wà láàyè. Wọ́n pọ́n, wọn kò ga, buva bò wọ́n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná Dalva.

"Comadre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọkọ́."

Dalva wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó wo ojú rẹ̀. Ó gbé ọkọ́ fún un, ó sì bu kọfí àti bísíkíìtì ẹ̀gẹ́ fún un. Juvêncio lọ sí ìsàlẹ̀ oko, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ro ìdí igi yípo, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ròrò, ròrò náà bẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké. Kò ṣe é láti fi san ohunkóhun, nítorí kò sí ohun tó lè san án. Igi tó kù nìyẹn, òun sì ni compadre.

Ó ti wà lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tó gbọ́ ọ̀pá Altamiro lẹ́yìn. Ọkùnrin náà kò sọ pé òun wá gba atẹ́gùn. Ó fi ìdí lé ilẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó na ọwọ́, ó sì ń fa buva kéékèèké tó yí igi ká tu. Nígbà tó parí ti igi yẹn, ó fi ìdí wọ́ dé èkejì, bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn. Àwọn méjèèjì ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí òógùn fi bò wọ́n.

"Ẹ ò jí oògùn mi, compadre," ni Altamiro wí nígbà tó yá.

"Mi ò jí i."

"Gbogbo ayé ló ti mọ̀."

Juvêncio fi ọkọ́ gún ilẹ̀, ó gbára lé e. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ì bá sàn kí n jí i, compadre. Ká ní mo jí i ni, igi yín ì bá ṣì wà lórí òkè yẹn."

Altamiro wo òkè náà, níbi tí àwọn ọ̀pá gbígbẹ wà. Ó gbé ojú kúrò.

"Ìbéèrè kan wà lẹ́nu mi láti oṣù Kejìlá," ló wí. "Mo gbé e dé etí odò lọ́jọ́ yẹn, mo tún gbé e padà sílé. Mo ní ọ̀wọ̀ yín ni mo ń pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín."

"Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe báyìí, compadre? Ó ti tán."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bi yín."

"Ó dáa. Ẹ bi mí."

Altamiro gbójú sókè, ó wo ojú rẹ̀ gan-an. "Compadre, ṣé ẹ lú oògùn mi lómi?"

"Rárá, compadre. Èpò náà ni kò gbọ́ oògùn mọ́. Ọkọ́ ló ń fẹ́."

"Ó dáa, mo ti gbọ́," ni Altamiro wí. "Ká máa ro ó nìyẹn."

Wọ́n sún dé ìdí igi tó kàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò gbà wọ́n ní àkókò tó èyí tí èèyàn fi ń fa buva kan tu.